Òjìji Ara Kọ́tìnì

Èmi ni ògbufọ̀ ìjọ wa. Bí pásítọ̀ bá ń wàásù lédè Gẹ̀ẹ́sì, èmi ni mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí mo ń sọ ọ́ di Yorùbá fún àwọn bàbá àti ìyá àgbà tí ọmọ wọn mú wá sí Atlanta láti wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Pásítọ̀ á ní, "Ọlọ́run dára," gbólóhùn kan péré. Èmi á ní, "Ọlọ́run tó gbé yín gun bàlúù tí bàlúù ò já, tí ẹ dé ibí tán tí òtútù ò pa yín, tí àwọn ọmọ-ọmọ yín tó ń fi imú sọ̀rọ̀ sì mọ̀ yín ní ìyá àgbà, Ọlọ́run náà dára!" Àwọn ìyá á hó yèè. Pásítọ̀ á yíjú wò mí bí ẹni tó ń rò ó pé, ṣé gbogbo ìyẹn ni mo sọ? Èmi á mirí sí i: ẹ sọ ọ́ dáadáa, sà.

Ìyàwó mi máa ń ní ọbẹ̀ tí mo bá gbé kalẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ ju ẹran lọ. Ẹ̀rín ni mo fi máa ń dá a lóhùn. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá bu iyọ̀ yẹn sójú egbò bàbá mi.

Bàbá mi dé sọ́dọ̀ wa ní Fayetteville ní àsìkò tí àtíkè òdòdó àwọn igi ń bo gbogbo ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí léèrè ni pé, "Ta ló ń da gàrí elépo sórí mọ́tò yín?" Oṣù mẹ́fà ni a fi sórí tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Ìyá mi ní àwọn ò bá bàbá mi wá, orúnkún àwọn ò lè ká sínú bàlúù fún wákàtí mọ́kànlá, àti pé ta ni yóò máa ṣọ́ ilé? Nítorí náà, lójoojúmọ́, ní agogo méjì ọ̀sán wa, tí í ṣe agogo méje alẹ́ tiwọn ní Ìbàdàn, bàbá mi á pè wọ́n lórí fídíò. Mo ti kọ́ wọn: àwòrán ìyá mi ni kí wọ́n tẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n dúró.

Onífọ́tò ni bàbá mi. Kì í ṣe àwọn tó ń fi fóònù yà á o. Onífọ́tò ayé àtijọ́, tó ní yàrá òkùnkùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń rùn fún oògùn tí wọ́n fi ń fọ àwòrán. Dúdú àti funfun nìkan ni wọ́n gbà ní fọ́tò. Nígbà tí àwọ̀ dé, wọ́n ní, "Èyí tí ẹ kó dé yìí, kíkùn ilé ni." Ẹ wá wo eré Ọlọ́run: irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló wá gbé ní ìlú tí ilé iṣẹ́ fíìmù ńláńlá kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bùrọ̀dá kan nínú ìjọ wa ti ṣe òkú lẹ́ẹ̀mejì nínú fíìmù wọn. Láti ìgbà náà ni kì í ti í bá wa kó àga mọ́ lẹ́yìn ìsìn. Bàbá mi ò tiẹ̀ bojú wo ibẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n wa ń ta wọ́n lójú, àfi ìgbà tí ọwọ́ mi ṣèèṣì bà lé àwọn fíìmù àtijọ́. Wọ́n dìde lórí àga.

"Dúró síbẹ̀! Wo ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ kan ló ti wá. Ẹni tó ya èyí mọṣẹ́."

Báyìí ni ọjọ́ Wẹsidé, tí n kì í lọ síbi iṣẹ́, ṣe di ọjọ́ sinimá wa. Gẹ̀ẹ́sì àwọn òṣèré náà kò wọ bàbá mi létí, wọ́n ní bí ẹni tó ń jẹ gúgúrú ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Èmi ni ògbufọ̀. Ẹ mọ̀ mí.

Fíìmù ọjọ́ Wẹsidé tí mo ń wí yìí, ọkùnrin kan tó ń tẹ dùùrù ní òtẹ́ẹ̀lì ló wà níbẹ̀, àti ìyàwó rẹ̀ tó máa ń dé àkẹtẹ̀ tó ní àwọ̀n lójú. Gbogbo ọjọ́ Tọ́sìdeé ni obìnrin yìí máa ń jáde, kì í sọ ibi tó ń lọ. Ọkọ kì í bi í. Sìgá ló máa ń mu, á máa wo èéfín rẹ̀.

"Owú ti wọ̀ ọ́," ni bàbá mi wí. "Wo ojú rẹ̀. Ìdajì wà nínú òkùnkùn. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n onífọ́tò ti bá a sọ ọ́."

Nígbà tó yá, obìnrin náà wọ inú àpótí fóònù kan létí títì, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ohun tó sọ gan-an ò ju pé: dúró síbi tó o wà, má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni, mò ń gbé oúnjẹ bọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ o? Kò sí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi wá la ẹnu mi.

"Ó ní: Àyànfẹ́ mi, adúmáadán mi, má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni o. Èmi àti ọbẹ̀ la jọ ń bọ̀!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín débi tí wọ́n fi wúkọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. "Ó pè é ní àyànfẹ́?"

"Bó ṣe pè é nìyẹn, Bàámi."

Ọkọ tọ obìnrin náà lẹ́yìn nínú òjò. Ó dúró lábẹ́ iná òpópónà, ó gbójú sókè sí fèrèsé ilé kan. Òjìji méjì hàn lára kọ́tìnì. Ti obìnrin na nǹkan sí ti ọkùnrin. Ti ọkùnrin dì mọ́ ti obìnrin. Ibẹ̀ gan-an ni fóònù mi dún. Nọ́ọ̀sì ilé ìwé ọmọ mi ni: ara ọmọ gbóná, kí n wá mú un. Mo tẹ fíìmù dúró, mo gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mo ní, "Bàámi, mò ń bọ̀, ẹ má yọ́ parí ẹ̀ o." Mo jáde. Mo fi bàbá mi sílẹ̀, àwọn àti òjìji méjì tí kò lè jáwọ́ lára ara wọn.

Ó lé ní wákàtí kan kí n tó padà, nítorí mo ní láti yà ra oògùn ibà. Tẹlifíṣọ̀n ti kú fúnra rẹ̀. Bàbá mi jókòó, fóònù wà lọ́wọ́ wọn, ojú fóònù náà ti ṣú. Agogo méjì ti kọjá. Mo gbé ọmọ lọ sórí ibùsùn, mo padà wá.

"Ẹ ti bá Màámi sọ̀rọ̀?"

"Mo bi í léèrè."

"Kí lẹ bi wọ́n?"

"Mo rí òjìji ọkùnrin lára kọ́tìnì lẹ́yìn rẹ̀. Ó dé fìlà. Mo ní, ta nìyẹn? Mo ní, ṣé bí mi ò ṣe sí nílé ló jẹ́ kí wọ́n máa wọlé?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tó ń jowú ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn! Mo ní, "Bàámi, ẹ̀yin náà fẹ́ dúró lábẹ́ iná òpópónà ni? Ẹ jẹ́ kí n lọ wá sìgá fún yín." Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wo ojú fóònù tó ti ṣú náà.

"Kí ni Màámi fèsì?"

"Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ó wá pa fóònù."

Mo wọ inú gáréèjì lọ, mo pe ìyá mi. Tèmi, wọ́n gbé e. Ìyá mi kì í pe bàbá mi ní "ó". "Bàbá yín" ni, "wọ́n" ni. Lọ́jọ́ yẹn, "ó" ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo sì mọ̀ pé ilé ti jó.

"Ṣé o rántí ìgbà òjò kan tí mo lọ bá ìyá mi gbé?"

Mo rántí. Mo jẹ́ ọmọ ọdún méje. Wọ́n ní ara ìyá àgbà ni kò yá.

"Ara ìyá mi le koko. Bàbá rẹ ni mo bínú kúrò nílé rẹ̀. Èmi ìyàwó onífọ́tò, n kò ní fọ́tò kan ṣoṣo. Ó ya gbogbo ìyàwó àdúgbò tán. Bí mo bá ní kó yà mí, á ní, 'Lọ́la, oníbàárà ń dúró.' Mo bá wọ aṣọ mi lọ́jọ́ kan, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò mìíràn. Inú mi dùn, mo rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ rí fọ́tò yẹn nínú àpótí mi. Ṣé o mọ ohun tó bi mí? Ó ní, 'Ta lò ń rẹ́rìn-ín sí?'"

Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń kọ́ ewúrẹ́ ní ẹ̀kọ́ ilé lẹ́yìn ilé wọn.

"Odindi ìgbà òjò kan ni mo fi lọ. Nígbà tí àwọn àgbà bẹ̀ mí, mo ní nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kó má bi mí mọ́ láé pé níbo ni mo ti ń bọ̀ tàbí ta ló wà lọ́dọ̀ mi. Ó dọ̀bálẹ̀. Kò sì bi mí mọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Bí ilẹ̀ ṣú kí n tó ti ọjà dé, 'káàbọ̀' ló máa ń sọ. Àfi òní."

Mo jẹ́wọ́ níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fíìmù, mo ṣàlàyé "àyànfẹ́ mi, adúmáadán mi". Mo ní ẹjọ́ mi ni, mo ní iyọ̀ ni mo bù sí i.

"Ìwọ bu iyọ̀ sí fíìmù," ni ìyá mi wí. "Ta ló bù ú sí àyà bàbá rẹ?"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló tiẹ̀ wà lẹ́yìn yín?"

"Kápẹ́ńtà ni. Ó ní òun á dé lágogo mẹ́wàá àárọ̀, alẹ́ ló dé. Ọwọ́ àga bàbá rẹ tó ti kán látọjọ́ pípẹ́, mo ní kó bá mi tún un ṣe kí bàbá rẹ tó padà."

Ọkàn mi fò fáyọ̀. "Ó ti tán nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí n sáré wọlé sọ fún wọn."

"Bí o bá sọ fún un, tèmi tìẹ náà tán."

"Kí ló dé, Màámi? Kápẹ́ńtà ṣá ni!"

"Kápẹ́ńtà kọ́ ni mo fẹ́ kó mọ̀. Èmi ni mo fẹ́ kó mọ̀."

Wọ́n pa fóònù. Mo dúró láàárín kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ àti páálí ìrẹsì. Èmi tí mo ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí mo ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnìkan lọ bá ẹnìkejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò mú bàbá mi sùn ti wà lẹ́nu mi, ìyá mi sì ti tì í pa síbẹ̀.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò dára. Bí agogo méjì bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bàbá mi á ya irun wọn, á dé fìlà, á gbé àga lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọn, èyí tí wọ́n gbà pé ó dára jù. Wọ́n á tẹ àwòrán ìyá mi. Á dún, á dún, á dún. Wọ́n á dúró títí tí yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ fìlà. Bí mo bá wà ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Duluth, tí mo rí i pé agogo méjì ti lù, n kò ní lè tẹ orúkọ aláìsàn kan ṣoṣo sínú kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé ó ń dún.

Mo gbìyànjú. Mo pe ìyá mi, mo bẹ̀ wọ́n, mo fi ọmọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n á bi mí nípa ara ọmọ, nípa iṣẹ́, nípa òjò. Bí mo bá dárúkọ bàbá mi, wọ́n á ní, "Oúnjẹ wà lórí iná." Mo lọ bá bàbá mi, mo ní, "Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ ní ẹ ò rí nǹkan kan." Wọ́n wò mí. "Mo rí i ńkọ́?" Ìyàwó mi dé láti ibi iṣẹ́ ọ̀sán, ó bọ́ bàtà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì kọjú sí mi, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ti wá fi ẹnu yín ṣe é báyìí." Kò fi iyọ̀ kankan sí i.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ ní, "Ọlọ́run dára." Mo ní, "Ọlọ́run dára." Ìyá àgbà kan ní ìjókòó iwájú fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ògbufọ̀, ṣé ara yín le báyìí?"

Wẹsidé dé. Bàbá mi ti jókòó kí n tó jí dáadáa. "Parí rẹ̀ fún mi," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n padà sẹ́yìn díẹ̀. Padà síbi fóònù."

Mo padà síbẹ̀. Obìnrin náà wọ inú àpótí fóònù. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo ní, "Ó ní: dúró síbi tó o wà. Má ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Mò ń gbé oúnjẹ bọ̀."

"Àyànfẹ́ ńkọ́?"

"Kò sọ àyànfẹ́, Bàámi. Èmi ni mo fi sí i."

Mo rò pé wọ́n á bínú. Mo fẹ́ kí wọ́n bínú. Wọ́n kàn na ọ̀pá wọn sí tẹlifíṣọ̀n pé kí n máa bá a lọ. Mo wá sọ ọ́ bó ṣe wà, gbólóhùn sí gbólóhùn. Ọkùnrin inú yàrá yẹn, àbúrò obìnrin náà ni. Ó sá kúrò lẹ́wọ̀n, ìyá kan náà ló bí wọn, obìnrin náà ló ń fi oúnjẹ pa á mọ́ láàyè. Ọkọ kò mọ̀. Òjìji nìkan ni ọkọ rí. Ó lọ bá ọlọ́pàá, ó nawọ́ sí fèrèsé. Wọ́n gun àtẹ̀gùn lọ, ìbọn dún, ọmọkùnrin náà já lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó kọjá níwájú ọkọ rẹ̀, ó bọ́ sí títì. Òjò ti dá, títì ń dán. Ọkọ pe orúkọ rẹ̀. Ó ń rìn lọ. Ọkọ tún pè é. Ó ń kéré sí i, ó ń kéré sí i, títí tó fi wọ ibi tí iná ò dé.

"Kí ló sọ?" ni bàbá mi béèrè.

"Kò sọ nǹkan kan."

"Kò sọ nǹkan kan rárá?"

"Rárá, Bàámi."

"Ìwọ náà, má fi nǹkan kan sí i."

A jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé koríko aládùúgbò wa ń han níta. Nígbà tó pẹ́, bàbá mi ní, "O mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ."

Mo ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Má sọ fún mi," ni wọ́n wí. "Mo rí i lójú rẹ pé o mọ̀ ọ́n, mo sì rí i pé kì í ṣe nǹkan burúkú. Ká ní o sọ ọ́, màá gbà á gbọ́. Ìwọ ni màá gbà gbọ́ nígbà yẹn. Kì í ṣe òun." Wọ́n fi ọwọ́ pa ojú wọn kan, èyí tí dókítà ti ṣiṣẹ́ abẹ fún kí wọ́n tó wá. "Bá mi yí tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà. Mo fẹ́ lọ sílé."

Ó ku oṣù mẹ́rin nínú oṣù mẹ́fà. Mo bẹ̀ wọ́n, àwọn ọmọ bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú Yorùbá wọn tó ń fẹsẹ̀ fà. Wọn ò gbọ́. Ọjọ́ Sátidé ni mo fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfurufú. A dé College Park, nítòsí pápákọ̀ náà, bàlúù kan ń fò kọjá lórí wa nílẹ̀ nílẹ̀, bàbá mi ò gbójú sókè. Obìnrin kan gbé kẹ̀kẹ́ arúgbó wá, ó fi wọ́n jókòó, ó fi bẹ́líìtì dè wọ́n. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ògbufọ̀."

"Bàámi."

"Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà, kí ni kí n sọ fún un?"

Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì la ẹnu tí n kò rí nǹkan fi sí i. Mo wá inú mi. Mo wá a títí tí obìnrin náà fi ní ó ti tó àkókò, tó sì tì wọ́n lọ. Ẹ̀yìn fìlà wọn ni mo ń wò. Mo rò pé wọ́n á yíjú padà. Wọn ò yíjú padà.

Lọ́jọ́ kejì, agogo méjì ọ̀sán, fóònù mi dún. Ìyá mi ni, lórí fídíò.

"Ó ti dé."

"Ẹ ṣeun, Màámi. Kí ni wọ́n sọ?"

"Ó ní kú ilé."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kò sọ nǹkan kan lẹ́yìn náà."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ní káàbọ̀."

"Ṣé wọ́n ti jókòó?"

Ìyá mi yí fóònù padà. Mo rí pálọ̀ wa. Mo rí àga náà, gbogbo rẹ̀ dúdú fún ọjọ́ orí, àyàfi ọwọ́ kan tí kápẹ́ńtà tún ṣe, tí igi rẹ̀ funfun bí eyín tuntun. Bàbá mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, báàgì ṣì wà léjìká wọn, fìlà wà lórí. Ọwọ́ wọn wà lórí igi funfun yẹn. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò wọn nù ún lọ, nù ún bọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń nu ojú fọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú omi. Iná pálọ̀ wà níwájú wọn. Lára kọ́tìnì lẹ́yìn wọn, òjìji ọkùnrin onífìlà kan dúró, ó tóbi ju àwọn gan-an lọ.

"O rí i?" ni ìyá mi wí, lẹ́yìn fóònù níbi tí n kò ti rí ojú wọn.

"Mo rí i, Màámi."

"Má sọ nǹkan kan."

N kò sọ nǹkan kan. Bàbá mi dúró síbẹ̀. Àga wà níwájú wọn, wọn ò jókòó.